RAM 16 tí kò ní graphics, àbí RAM 8 tó ní «graphics 4GB»: èwo ni ká rà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, kò sì jẹ́ kí n gbádùn mọ́ lórí ọ̀rọ̀ laptop. Mo lọ sí Pànṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta lánàá. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé tòkúnbọ̀ méjì kalẹ̀, iye kan náà ló pe méjèèjì. RAM àkọ́kọ́ jẹ́ 16GB, ó ní kò ní graphics. RAM èkejì jẹ́ 8GB, ṣùgbọ́n ó ní ó ní «graphics 4GB». Ó ní èkejì ni kí n mú, pé kò sí ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ láìsí graphics. Àbúrò mi ní irọ́ ni, àkọ́kọ́ ni kí n rà. Èmi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú ọ̀rọ̀ yìí, owó ọwọ́ mi ò sì gba kí n rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi dá sí i.

* * *

Ẹ kú wàhálà ọmọ o, Mà. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Laptop ni mo ń tún ṣe ní Òkè-Ìlewò, àìmọye ẹni ló sì ti gbé ẹ̀rọ wá bá mi tí wọ́n á ní «graphics 4GB ló ní o», kí n tó fọwọ́ kàn án rárá. RAM ni mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Graphics ni ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ, oríṣi méjì ló sì wà. Ọ̀kan wà nínú prosẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ: Intel HD, Intel UHD, Iris Xe, àti èyí tó ń bá prosẹ́sọ̀ AMD wá. Kò ní àpò tirẹ̀. Àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ RAM ló ti ń yọ owó ná. Èkejì ni káàdì tó dá dúró, tó ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kì í bá RAM du nǹkan. NVIDIA GeForce, NVIDIA Quadro àti àwọn Radeon kan wà nínú ẹ̀yà yìí.

Windows 10 àti 11 máa ń fàyè gba graphics inú prosẹ́sọ̀ láti yá tó ìdajì RAM lò. Tí RAM bá jẹ́ 8GB, Windows á kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan bí 4GB ló wà fún yíyá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti rí «graphics 4GB» tí wọ́n ń kọ sórí bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Mi ò ní gbogbo wọn fẹ́ rẹ́ni jẹ, ẹlòmíràn nínú wọn ò mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bí a ó ṣe máa kà á nìyẹn, a jẹ́ pé laptop àkọ́kọ́ tó ní kò ní graphics yẹn ní 8GB, torí ìdajì 16 nìyẹn. Ẹ bi í bẹ́ẹ̀, kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Ẹ padà lọ, kí ẹ ní kó tan méjèèjì. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager á ṣí, ẹ lọ sí Performance. Lápá òsì nísàlẹ̀, ẹ wá GPU, orúkọ tí Windows ń pe graphics. Tó bá jẹ́ GPU 0 nìkan ló wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ Intel, kò sí káàdì kankan nínú ẹ̀rọ yẹn, ohun yòówù tí bébà ì báà wí. Tí GPU 1 bá wà, tó ń jẹ́ NVIDIA tàbí AMD, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo iye tó wà níwájú «Dedicated GPU memory». Iye yẹn ni graphics. Èyí tí wọ́n pè ní «Shared», RAM yín náà ni.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ Memory. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ «Slots used» sí, ìyẹn iye ihò RAM tó ti ní nǹkan nínú, kí ẹ wo «Form factor» náà. Ẹ tẹ CPU, kí ẹ kọ orúkọ prosẹ́sọ̀ sílẹ̀ pátá, títí kan nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò. Ẹ má wo síkà tó wà níbi tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé. Síkà kò ju ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà tí ẹnikẹ́ni lè rà lẹ̀ mọ́ ohunkóhun.

* * *

Bọ̀dá kan ti bínú sí mi. Wọ́n ní ayàwòrán ilé làwọn náà, laptop tí kò ní graphics kò gbé àwọn débì kankan, kí n má kó ìyá oníyàá sí wàhálà.

Mo gbọ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú iṣẹ́ yín sí wẹ́wẹ́, torí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pẹ́ńsù àti rúlà ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. AutoCAD ló tẹ̀lé e, ìlà pẹrẹsẹ: pílánì, ògiri, ojú fèrèsé. Graphics inú prosẹ́sọ̀ ń gbé ìyẹn láìsí ariwo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Revit, RAM ni Revit sì ń jẹ. Autodesk tó ṣe é ti fi 16GB ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn ẹ̀dà tuntun rẹ̀. Ẹ ṣí ilé alájà mẹ́rin lórí RAM 8, kí ẹ jẹ́ kí Chrome máa ṣe fídíò ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí bí ẹ̀rọ á ṣe máa mí gúlegúle. Kò sí káàdì tó lè gbà á níbẹ̀, torí mẹ́mọ́rì orí káàdì kì í dípò RAM.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti jóòótọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ilé orí ìwé dà bíi fọ́tò ilé tí wọ́n ti kọ́ tán. Enscape, Lumion àti Twinmotion ni wọ́n fi ń ṣe é. Enscape kì í fẹ́ rí graphics Intel inú prosẹ́sọ̀ sójú, káàdì gidi ló ń béèrè. Ẹni tó bá ti dé ìpele yẹn, RAM 32 kò lè ṣe é lóore kankan tí kò bá sí káàdì. Àmọ́ V-Ray, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, lè fi prosẹ́sọ̀ nìkan ṣe é. Á kàn pẹ́ ni, ẹ̀rọ á gbóná, ẹ ó sì máa bẹ Ọlọ́run kí iná má lọ kó tó parí.

Nítorí náà, sà, ọdún mélòó ni ọmọ náà ti lò lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀? Ìyá rẹ̀ ò tíì sọ.

* * *

Ẹlòmíràn ní: «Ẹ ra graphics báyìí, RAM ṣeé fi kún tó bá yá. Graphics kò ṣeé fi kún.»

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ, èyí ló bọ́gbọ́n mu jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí dáadáa.

Òótọ́ ni pé nínú laptop, òjé ni wọ́n fi ń jó káàdì graphics mọ́ bọ́ọ̀dù. Àyàfi àwọn ẹ̀rọ ńlá kan, ohun tó bá bá a wá ni ẹ ó máa lò títí ẹ ó fi tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni prosẹ́sọ̀. Fún ìdí èyí, tí mo bá ń bá ènìyàn wo laptop, iye RAM tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà á kì í ká mi lára tó ohun mẹ́ta yìí: prosẹ́sọ̀ ìran wo ni, káàdì wà níbẹ̀ lóòótọ́ bí iṣẹ́ bá béèrè rẹ̀, ihò RAM mélòó ló sì wà nínú rẹ̀.

Ihò RAM ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè. Ẹ mú ThinkPad mẹ́ta, laptop Lenovo, tó jọra lójú. T480 ní ihò méjì, ẹ lè tú RAM méjèèjì kúrò kí ẹ fi òmíràn sí i. T480s, wọ́n fi òjé jó RAM kan mọ́ bọ́ọ̀dù, ihò kan ló ṣẹ́kù. X1 Carbon, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jó mọ́ ọn. Tí ẹ bá ra 8, 8 lẹ ó fi dàgbà. Nínú Task Manager, «Form factor» á sọ SODIMM tó bá jẹ́ RAM tó ṣeé yọ. Tó bá sọ «Row of chips», òjé ni. MacBook Air tó ní M1, tó jáde ní ọdún 2020, bẹ́ẹ̀ náà ni: RAM àti graphics ń lo mẹ́mọ́rì kan náà, kò sì ṣeé fi kún. Ìgbà tó di October 2024 ni Apple tó fi 16GB ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún MacBook Air. Èyí tó wà níta ṣáájú ìgbà yẹn, 8GB ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ní, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun á bá yín «fi kún un» ń wá owó ọ̀sán jẹ ni.

Ìṣòro kejì ni irú RAM. DDR3, DDR4 àti DDR5 kì í wọ ihò ara wọn, ibi tí wọ́n gé sí lára kálukú yàtọ̀. Àárín DDR3 fúnra rẹ̀ tún pín: DDR3 àtijọ́ ń lo fóòtì 1.5, DDR3L ń lo 1.35, ibi tí wọ́n gé sí sì bára mu. Ìyẹn ló ń tan àwọn ọmọ ìdí tábìlì. Wọ́n á fi DDR3 sí ibi tí DDR3L ló yẹ, ẹ̀rọ á kọ̀ láti tàn, wọ́n á ní bọ́ọ̀dù ti kú, wọ́n á sì gba owó bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín dání lọ ra RAM. Ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ pé kó ra «RAM 8» bọ̀.

Ní ti pé kí a fi kún un tó bá yá, ọdún méjì sẹ́yìn ni ìmọ̀ràn yẹn rọrùn. Láti ìparí ọdún 2025, owó RAM ti gbéra sókè káàkiri àgbáyé, torí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń kọ́ ibùdó kọ̀ǹpútà fún AI ń kó ẹrù náà ní kíkó. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi báyìí pé tí ìyàtọ̀ owó àárín 8 àti 16 bá kéré nínú tòkúnbọ̀ kan náà, kí wọ́n mú 16 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó ku nǹkan kan tí àwọn tó ń tajà kì í sọ. Graphics inú prosẹ́sọ̀ máa ń yára sí i tí RAM bá jẹ́ ẹyọ méjì dípò ẹyọ kan, torí ọ̀nà méjì ló ń gbà lọ gbà bọ̀. 4 àti 4 sàn fún un ju ẹyọ 8 kan lọ. Ẹ rí ẹ̀rọ tó ní prosẹ́sọ̀ Intel i5 ìran kọkànlá, tó yẹ kó ní Iris Xe? Tí RAM rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, Windows á pè é ní UHD Graphics. Ẹ fi ẹyọ kejì sí i, orúkọ rẹ̀ á padà di Iris Xe. Ẹnì kan ti bá ọlọ́jà rẹ̀ jà lórí èyí rí níwájú mi, ó ní wọ́n pààrọ̀ graphics òun. Ẹyọ RAM kan ló parí ìjà.

* * *

«4GB ń ṣe iṣẹ́ fún mi ní Sàpọ́n, mo ń tẹ ìwé, mo ń bá ọmọ ènìyàn kún fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí lẹ ń pariwo 16 sí?»

Ẹ̀gbọ́n, tó bá ń ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ má yọ ọ́. Àmọ́ ẹ ò sọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ojú ìwé tó ṣí. Windows 11 gba 4GB lórí ìwé, ṣùgbọ́n tó bá tàn tán, tí Chrome ṣí ojú ìwé mẹ́rin márùn-ún, RAM ti tán, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi díìsìkì ṣe RAM. Tí díìsìkì náà bá jẹ́ HDD onírin tó ń yí, ibẹ̀ ni oníbàárà ti máa ń pòṣé. Owó tí ẹ bá ní, ẹ kọ́kọ́ fi ra SSD, díìsìkì tí kì í yí, tó sì yára jù ú lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ RAM di 8. Ẹ ò nílò 16, ẹ ò sì nílò káàdì láéláé.

* * *

Arákùnrin tó ń gbé kámẹ́rà níbi ìnáwó, tó ń gé fídíò ọ̀wàǹbẹ̀ ní Ọbáńtokò, ní RAM kọ́ ni olórí, graphics ni olórí, àti pé gbogbo ohun tí mo ń sọ jẹ́ ti àwọn tó ń tẹ ìwé.

Ní ti DaVinci Resolve tí wọ́n fi ń gé fídíò, mo gbà fún ọ pátápátá. Resolve ń fi káàdì ṣe gbogbo nǹkan, tí mẹ́mọ́rì orí káàdì bá kéré, á dá iṣẹ́ dúró, á sì sọ fún ọ lójú ara rẹ. Ní ti Premiere, tí wọ́n fi ń gé fídíò bákan náà, mi ò gbà tán. Adobe fúnra wọn ń fẹ́ 16GB RAM fún fídíò HD. Graphics Intel inú prosẹ́sọ̀ tún ní ẹ̀yà Quick Sync, tó ń ka fídíò H.264 àti HEVC inú fóònù àti kámẹ́rà láìfi wàhálà kan prosẹ́sọ̀. Mo ti rí i tí i5 lásán, RAM 16, ń gé fídíò ìgbéyàwó tí ẹ̀rọ tó ní káàdì àti RAM 8 ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀.

Káàdì ju káàdì lọ pẹ̀lú. MX150 tó wà nínú àwọn T480 kan, NVIDIA ni, 2GB gidi sì ni. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀yà NVENC tó ń kọ fídíò jáde kíákíá, tí káàdì NVIDIA GTX 1050 ní. Ẹni tó bá torí fídíò fi owó kún un kó lè gba MX150, owó rẹ̀ kò bá a délé. Àwọn káàdì àtijọ́ bíi 920M, tí mẹ́mọ́rì wọn jẹ́ DDR3 dípò GDDR5, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ni wọ́n. 2GB tó yára sàn ju 4GB tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ, nọ́ńbà náà nìkan kò sọ nǹkan kan.

Fún ìwọ, GTX 1650 4GB pẹ̀lú RAM 16 ni mo máa sọ. Tí owó kò bá tó méjèèjì, mú ẹ̀rọ tó ní káàdì náà àti ihò RAM méjì, kódà bó jẹ́ 8 ló bá wá. O rí i pé ọ̀rọ̀ wa ti pàdé.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná díẹ̀, kí n tó gbàgbé.

EliteBook 840 ti HP, irú èyí tí kò ní káàdì, ṣájà wọ́ọ̀tì 45 tàbí 65 ló ń lò. Laptop tó ní káàdì GTX, ṣájà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ wọ́ọ̀tì 130 sókè, 150 wọ́pọ̀. Ẹni tó ń fi sólà kékeré tàbí ínfátà gbé ara rẹ̀ ní họ́sítẹ̀lì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lálẹ́. Tí ẹ bá yọ ṣájà kúrò, káàdì á dín agbára ara rẹ̀ kù, bátìrì á sì tún tètè tán. Ooru wà pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta nílùú wa yìí, káàdì inú yàrá tí kò ní fáànù á gbóná débi tí ẹ̀rọ á fi lọ́ra fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Tòkúnbọ̀ tó ní káàdì, ẹ ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbọn eruku inú rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ òróró tó wà láàárín káàdì àti irin tó ń gba ooru. Tí káàdì bá kú, bọ́ọ̀dù ló kú yẹn.

Mi ò ní kí ẹni tó nílò rẹ̀ má rà á. Mo ní kí ẹni tí kò nílò rẹ̀ má fi owó epo jẹnẹrétọ̀ bọ́ ọ.

* * *

Ìbéèrè kúkurú láti Ìtòkú: CorelDRAW fún yíya àpẹẹrẹ àdìrẹ àti bánà ńkọ́?

RAM. Kí ẹ fi 16 sí i, kí prosẹ́sọ̀ yín dára, ó parí. CorelDRAW kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè káàdì. Bánà ńlá tó kún fún fọ́tò ló ń pa RAM. (Ìjà lórí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà àti àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá síbí. Mo ní ìyá tó ń ta àdìrẹ, mi ò fẹ́ wàhálà.)

* * *

Àwọn kan ní kí ìyá yìí kàn wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, kó sọ̀ ní Agége, kó wọkọ̀ dé Computer Village ní Ìkẹjà, pé gbogbo nǹkan rọ̀ níbẹ̀.

Ẹrù pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ ó sì rí ẹ̀rọ tó ní káàdì gidi tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ ohun tí Task Manager ń wí, Pànṣẹ́kẹ́ ni kó ti rà á. Tí wàhálà bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀kadà lásán ló máa gbé e padà síwájú ẹni tó tà á. Ta ni yóò tún padà lọ sí Ìkẹjà torí ihò USB kan?

* * *

Ìyá wa ti padà dé, wọ́n sì ṣe é bí iṣẹ́. Fọ́tò wọn nìyí ní ṣókí.

Laptop èkejì, tó ní «graphics 4GB»: GPU 0 nìkan, Intel UHD Graphics 620. Kò sí GPU 1. Prosẹ́sọ̀ i5-8350U. RAM 8GB, DDR4, «Slots used: 1 of 2», SODIMM.

Laptop àkọ́kọ́, «tí kò ní graphics»: GPU 0, Intel HD Graphics 520. Prosẹ́sọ̀ i5-6300U. RAM 16GB, DDR4, «2 of 2».

Wọ́n ní ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ọdún kejì. Wọ́n tún ní ọmọkùnrin tó ń tajà ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n béèrè GPU 1 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dáa. Kò sí káàdì nínú méjèèjì. Àwọn tó ń pariwo «àkọ́kọ́, torí RAM 16» lójú ibí yìí, ẹ dúró ná. Èmi ní kí ẹ mú èkejì, Mà, èyí tí ọlọ́jà fẹ́ kí ẹ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tó sọ kò sí níbẹ̀ rárá.

Prosẹ́sọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ìran kẹfà. Ojú méjì (core ni wọ́n ń pè é) ló ń fi ṣiṣẹ́. Èkejì jẹ́ ìran kẹjọ, ojú mẹ́rin ló ní, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ bá ní kí V-Ray ṣiṣẹ́. Ìran kẹjọ yìí kan náà ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba prosẹ́sọ̀ Intel fún Windows 11, yàtọ̀ sí ẹyọ díẹ̀. Ìran kẹfà wà lórí Windows 10, Windows 10 sì ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú láti 14 October 2025. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi Windows 11 sí i ní ọ̀nà ẹ̀yìn, èmi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ìyá fi owó ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà ẹ̀yìn. RAM 16 inú àkọ́kọ́ ṣeé yọ kúrò kí a gbé e síbòmíràn. Prosẹ́sọ̀ rẹ̀ kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ẹ padà lọ bá a. DDR4 ni RAM inú méjèèjì. Ẹ ní kó yọ ẹyọ 8 kan kúrò nínú àkọ́kọ́, kó fi sí ihò tó ṣófo nínú èkejì, kó sì kọ́kọ́ sọ iye tó máa gbà lórí ẹyọ kan yẹn. Á sọ pé kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Bí eré ọ̀kan bá dín sí ti èkejì, méjèèjì á jọ máa sá eré èyí tó lọ́ra, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ jẹ́ kó fi sí i níwájú yín, kó tan án, kí ẹ ṣí Memory, kí ẹ rí 16 àti «2 of 2» kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé Intel UHD 620 ni graphics, kó má kọ «4GB».

Ní ti Enscape, ọmọ náà ṣì ní àkókò. Tó bá dé ìpele yẹn, ó lè máa ṣe iṣẹ́ àwòrán bíi fọ́tò lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ tàbí ti ọ́fíìsì tó bá ti lọ ṣe ìkọ́ṣẹ́. Tí owó bá sì yọjú, kí wọ́n ta eléyìí. i5 ìran kẹjọ tó ní RAM 16 kì í pẹ́ kó tó rí olówó ní Òjééré.

* * *

Bọ̀dá ayàwòrán ilé tún dé. Wọ́n ní ṣé kò ní ṣeé ṣe kí wọ́n so káàdì graphics mọ́ laptop náà láti ìta nígbà tó bá yá, pé àwọn ti rí i nínú fídíò.

Ó ṣeé ṣe, sà, tí laptop bá ní ihò Thunderbolt 3, bíi ti T480. Ihò USB-C lásán kò gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra. Ẹ wá àmì mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún yẹ ìwé ẹ̀rọ náà wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó ra àpótí tí káàdì máa jókòó sí, ẹ ó ra káàdì kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀, ẹ ó sì wá iná tó máa gbé àpótí náà. Káàdì náà kò sì ní lo gbogbo agbára rẹ̀, torí okùn Thunderbolt kò gbà tó ihò inú kọ̀ǹpútà ńlá. Mo ti bá oníbàárà kan ṣírò rẹ̀ rí, owó náà ju tòkúnbọ̀ tó ní GTX 1650 nínú lọ. Ó ra tòkúnbọ̀.